Òṣèré ọmọdé nínú eré àròsọ sáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n

Òṣèré ọmọdé nínú eré àròsọ sáyẹ́ǹsì ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó ń kópa nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí ìtàn rẹ̀ dá lórí ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè bí lọ́jọ́ iwájú: ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀dá tó ti ayé mìíràn wá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ipa pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ nínú eré ìdílé, nínú ìpolówó ọjà tàbí nínú eré abàmì ló sábà máa ń ṣíwájú. Bill Mumy, ará Amẹ́ríkà tó ṣe Will Robinson nínú eré Lost in Space láti 1965 dé 1968, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù, òun náà ni àpilẹ̀kọ yìí sì gbára lé jù lọ. Ní ilẹ̀ Èkìtì, ọgbọ́n tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọmọdé kì í ṣe àjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àlọ́ alẹ́ àti abẹ́ ère eégún Ẹpa la ti ń bá a pàdé, tí kì í ṣe iwájú kámẹ́rà.

Irú eré tí à ń sọ

Kì í ṣe gbogbo eré tí iwin bá ti yọjú ni eré àròsọ sáyẹ́ǹsì. Nínú eré abàmì, oògùn àti ẹ̀mí àìrí ló ń ṣiṣẹ́. Nínú àròsọ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ohun ìyanu. Ààlà àárín méjèèjì kò nípọn. Láti ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ òṣèré ọmọdé ti bọ́ sínú ti ìkejì.

Ọmọdé wúlò fún òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí nítorí pé ó lè béèrè pé "kí nìyí?" láìtijú, kí àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì dá a lóhùn. Nínú ìdáhùn yẹn ni òǹwòran tó jókòó sílé ti ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń wá ìwúlò yìí láìgba ọmọdé síṣẹ́ rárá. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ Doctor Who ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, Susan, ọmọdébìnrin ọdún 15 inú ìtàn náà, Carole Ann Ford ló ṣe é, òun alára sì ti pé ọdún 23.

Eré yẹn dé Nàìjíríà o. Ní ọdún 2013, wọ́n kéde pé apá 9 nínú Doctor Who, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sáfẹ́fẹ́ láàárín 1967 sí 1968 tí ẹ̀dà wọn sì ti sọnù ní London, ti di rírí ní ibùdó tẹlifíṣọ̀n kan ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìtàn ọkọ̀ ojú sánmà jẹ́ ohun tí òǹwòran ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ kò wádìí tó.

Bill Mumy

Wọ́n bí Mumy ní San Gabriel, ìpínlẹ̀ California, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1954. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú Yorùbá wọn ọjọ́ orí rẹ̀ lè rántí Jídé Kòsọ́kọ́, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà, tí òun náà sì bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n lọ́mọdé, ní 1964. Ogún ọjọ́ péré ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ.

Ìtàn tí Mumy fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé ẹsẹ̀ òun kán nígbà tí òun kéré, tí kò sí ohun tí òun lè ṣe ju kí òun jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Superman àti Zorro ni akọni tó gbà á lọ́kàn, ó sì sọ pé inú àpótí yẹn lòun náà fẹ́ wà. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún 6, ó ti ń gbowó iṣẹ́ eré. Guy Williams ló ń ṣe Zorro nígbà náà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Guy Williams yìí kan náà ló di bàbá rẹ̀ nínú Lost in Space.

Àwọn ipa àkọ́kọ́

Ọdún 1961 ni ọdún tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe fara balẹ̀ wò nínú ìgbésí ayé òṣèré yìí. Ọmọ ọdún 7 ni. Láàárín ọdún kan ṣoṣo ó kó ipa mẹ́ta tó yàtọ̀ sí ti ọmọdé tó kàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Èkíní wà nínú The Twilight Zone, eré àtìgbàdégbà tí Rod Serling dá sílẹ̀, nínú apá tí wọ́n pè ní "Long Distance Call". Ọmọ tó ṣe, Billy, ń fi fóònù ìṣeré bá ìyá àgbà rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní òdìkejì fóònù náà. Ojú ọmọ yẹn àti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń "gbọ́" ìdáhùn ni òǹwòran fi mọ̀ pé ẹnìkan ń fọhùn.

Èkejì ni "Bang! You're Dead", tí Alfred Hitchcock darí fúnra rẹ̀ fún Alfred Hitchcock Presents, tó jáde ní oṣù Kẹwàá. Ọmọ kan rí ìbọn gidi nínú ẹrù àbúrò òbí rẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé, ó rò pé ìṣeré ni, ó sì gbé e káàkiri ìlú. Gbogbo ìpayà eré náà wà nínú pé ọmọ náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ń bani lẹ́rù. Òṣèré tó bá ṣe bí ẹni tó mọ̀ ti ba eré jẹ́. Ó ṣòro fún àgbàlagbà láti ṣe é, ká má tíì sọ ti ọmọ ọdún 7.

Ẹ̀kẹta ni "It's a Good Life", inú The Twilight Zone náà, tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá. Mumy ni Anthony Fremont, ọmọ ọdún 6 tó ń fi èrò ọkàn rẹ̀ nìkan ṣàkóso ìlú kékeré kan. Ẹni tó bá ronú ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, oko àgbàdo ló ń rán an lọ, kì í sì í padà. Ni gbogbo àgbà ìlú bá ń fi ẹ̀rù rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wí pé dáadáa ni, dáadáa ni. Fún òǹwòran tó dàgbà ní Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́, tí oko àgbàdo jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ya àgbàdo tútù wálé, ó lè kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín pé ibẹ̀ ni wọ́n sọ di ọ̀run àpàpàǹdodo. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́.

Mumy tún padà sí eré náà ní 1963 nínú "In Praise of Pip", lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jack Klugman. Láàárín àkókò yìí ó ṣe ọ̀pọ̀ ipa ọlọ́jọ́ kan nínú eré ìdílé àti eré apanilẹ́rìn-ín, títí kan Bewitched àti The Munsters. Nínú sinimá Dear Brigitte ti 1965, ó ṣe ọmọ James Stewart, ọmọ tí orí rẹ̀ pé púpọ̀ nínú ìṣirò. Irú ọmọ ọlọ́pọlọ yẹn ni wọn yóò tún ní kó ṣe kí ọdún náà tó parí.

Lost in Space

Ilé-iṣẹ́ CBS bẹ̀rẹ̀ sí gbé Lost in Space sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965, ó sì parí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1968. Apá 83 ni gbogbo rẹ̀: 29 ní sáà àkọ́kọ́, tí wọ́n yà ní dúdú àti funfun, 30 ní sáà kejì àti 24 ní sáà kẹta, tí àwọn méjèèjì ní àwọ̀. Irwin Allen ló dá a sílẹ̀. Ìtàn náà sọ nípa ìdílé Robinson tó gbéra kúrò láyé ní ọdún 1997 nínú ọkọ̀ Jupiter 2, tí wọ́n ń lọ tẹ̀dó sí agbègbè ìràwọ̀ Alpha Centauri, ṣùgbọ́n tí ọ̀dàlẹ̀ kan, Dókítà Zachary Smith, ba ọkọ̀ wọn jẹ́ tí wọ́n fi sọnù. Guy Williams ni bàbá, June Lockhart ni ìyá, Marta Kristen àti Angela Cartwright ni ọmọbìnrin méjèèjì, Mark Goddard ni awakọ̀. Mumy, ọmọ ọdún 11, ni Will, àbíkẹ́yìn.

Nínú apá ìdánwò tí wọ́n kọ́kọ́ yà, kò sí Dókítà Smith, kò sì sí rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi àwọn méjèèjì kún un, àfikún yìí ló sì yí ọ̀nà Mumy padà. Jonathan Harris, tó ṣe Smith, bẹ̀rẹ̀ bí apànìyàn gidi; díẹ̀díẹ̀ ló sọ ẹ̀dá-ìtàn náà di ojo aláwàdà, ọ̀lẹ tó ń pariwo tó sì ń bú rọ́bọ́ọ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńláńlá, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kọ. Ó dùn mọ́ òǹwòran. Nígbà tó fi máa di sáà kejì, ìtàn ti di ti ẹni mẹ́ta: Smith, Will àti rọ́bọ́ọ̀tì. Guy Williams, tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé eré, wá ń rí i pé iṣẹ́ òun ń dín kù.

Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ máa ń yìn Harris fún èyí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Harris kò lè ṣe é láìsí ọmọ náà. Bí Smith bá ń ṣe àṣejù, Will ló ń ṣe jẹ́jẹ́. Bí Smith bá purọ́, Will ló ń gbà á gbọ́ tàbí tó ń dárí jì í. Ẹni tó bá mọ bí Baba Sàlá ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò mọ̀ pé aláwàdà kò lè dá gbé eré. Ó ní láti ní ẹni tó dúró ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú Lost in Space, ọmọdé ni ẹni yẹn.

Rọ́bọ́ọ̀tì náà, tí Robert Kinoshita ya àwòrán rẹ̀, ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Bob May wà nínú ẹ̀wù rẹ̀, ó ń gbé e rìn, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà láti inú kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ ìgbà tó yẹ kó fèsì. Dick Tufeld ni wọ́n wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ohùn tí òǹwòran ń gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí Will ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ onírin sọ̀rọ̀, ohùn tí à ń gbọ́ nílé kọ́ ni ohùn tí ọmọ náà gbọ́ lójú agbo. Ó ní láti fọkàn dá ohùn yẹn fúnra rẹ̀. Ohun tí Billy ṣe pẹ̀lú fóònù ìṣeré ní 1961 ló tún ń ṣe pẹ̀lú irin ní 1965, ó kàn jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni báyìí.

Lẹ́yìn náà

Mumy wà lára ọmọ eré díẹ̀ tí iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí ohùn wọn là. Ó ní ipa kékeré nínú sinimá Papillon ti 1973. Ó bọ́ sínú orin pẹ̀lú Robert Haimer lábẹ́ orúkọ Barnes & Barnes, tí orin ẹ̀fẹ̀ wọn "Fish Heads" jáde ní 1978.

Ó padà sí àárín ìràwọ̀ ní 1994 nínú Babylon 5, eré apá 110 tí J. Michael Straczynski dá sílẹ̀. Títí di 1998 ni ó ń ṣe Lennier, olùrànlọ́wọ́ aṣojú ìjọba àwọn Minbari, ẹ̀dá ayé mìíràn. Eegun orí àtọwọ́dá ńlá ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Irun kò sí, ìwọ̀nba ojú àti ẹnu ló kù fún un láti fi ṣiṣẹ́. Ipa ìsàlẹ̀ ni, ipa ẹni tó ń tẹrí ba lẹ́yìn ọ̀gá, ṣùgbọ́n àwọn tó mọyì eré náà kì í gbàgbé rẹ̀. Ní 1996, òun àti Peter David dá Space Cases sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Nickelodeon, ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkọ̀ gbé sọnù nínú òfurufú. Ọmọ tó sọnù ní 1965 ló wá ń kọ ìtàn àwọn ọmọ tó sọnù.

Ní 2003 wọ́n ṣe ìtẹ̀síwájú ìtàn Anthony Fremont, "It's Still a Good Life". Mumy ṣe Anthony tó ti di baba ọmọ. Liliana, ọmọ tó bí, ló ṣe ọmọ náà. Nígbà tí Netflix tún Lost in Space ṣe ní 2018, ó yọjú fún ìgbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Dókítà Zachary Smith gidi, ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ lò. Maxwell Jenkins ló ṣe Will tuntun, òun náà sì ti kọ́kọ́ ṣe nínú Sense8, eré àròsọ sáyẹ́ǹsì mìíràn.

Wil Wheaton

Wheaton, tí wọ́n bí ní Burbank, California, ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1972, gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Sinimá ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, nígbà tó ṣe Gordie nínú Stand by Me ní 1986. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló wọ Star Trek: The Next Generation, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1987, gẹ́gẹ́ bí Wesley Crusher, ọmọ dókítà inú ọkọ̀. Wesley ni orúkọ àárín Gene Roddenberry, ẹni tó dá Star Trek sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Star Trek kórìíra Wesley. Ẹ̀dùn wọn ni pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń yọ ọkọ̀ kúrò nínú ewu nígbà tí àgbà tó kàwé ń wò ó níran. Yorùbá ti ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tó kọ Wesley fi ti ọmọdé sí i, wọ́n gbàgbé ti àgbà. Will Robinson náà gbọ́n, ṣùgbọ́n Smith máa ń tàn án jẹ, bàbá rẹ̀ a sì máa bá a wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ kò fi sú ni. Ó ṣe é ṣe kí a sọ pé ìwé eré ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ tó ń sọ ọ́.

Wheaton fi eré náà sílẹ̀ ní 1990, ó sì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dé 1994. Lẹ́yìn náà ó di òǹkọ̀wé; ó ti kọ ọ́ pé kì í ṣe ìfẹ́ òun ni iṣẹ́ eré nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Wesley tún hàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú Star Trek: Picard ní 2022.

Millie Bobby Brown, tí wọ́n bí ní 2004, ni a lè fi kún wọn láti ìran tuntun: ipa díẹ̀ nínú eré abàmì àti eré ìbẹ̀rù ní 2013 àti 2014, lẹ́yìn náà Eleven nínú Stranger Things láti 2016, ọmọ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ ní sáà àkọ́kọ́, tí ojú rẹ̀ sì ń sọ èyí tó kù.

Owó àti òfin

Jackie Coogan, tí wọ́n bí ní 1914, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Charlie Chaplin nínú The Kid ní 1921. Nígbà tó dàgbà, ó rí i pé owó tí òun fi gbogbo ìgbà èwe pa ti run lọ́wọ́ ìyá òun àti ọkọ ìyá òun. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1938. Ní 1939 ni ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé a gbọ́dọ̀ fi apá kan owó òṣèré ọmọdé pamọ́ dè é; láti 2000, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Coogan alára padà sí tẹlifíṣọ̀n ní 1964 gẹ́gẹ́ bí Uncle Fester nínú The Addams Family.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì kọ iṣẹ́ àmúlò-ẹrú fún wọn. Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lára àwọn tó ti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Èkìtì

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, Èkìtì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, kó tó di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Lónìí, NTA ní ibùdó ní Adó-Èkìtì, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ ń kọ́ni ní eré oníṣe. Ètò Tales by Moonlight, tí NTA bẹ̀rẹ̀ ní 1984, fi ọmọdé yí alálọ̀ọ́ ká lójú kámẹ́rà, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà náà kọ́kọ́ fi rí ọmọ ẹgbẹ́ wọn nínú àpótí.

Àlọ́ gan-an ti wà tipẹ́ kí àpótí tó dé. Nínú àlọ́ àpagbè, alálọ̀ọ́ á dá orin, àwọn ọmọ á gbè é. Ohun tí kì í sábà wọ àkọsílẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí àgbà bá wọlé sùn, àwọn ọmọ a máa tún un ṣe láàárín ara wọn. Ọ̀kan á di Ìjàpá, ọ̀kan á di Yánníbo, àwọn tó kù á di ará ọjà. Odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ di ìtẹ́ ọba. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ di ẹṣin. Kò sí aṣọ eré, kò sí iná, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí Ìjàpá bá ń kú. Ọmọ tó bá lè wo odó kó sì rí ọba, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín òun àti ọmọ tó ń wo ògiri pákó tó sì rí ìràwọ̀? Ìyàtọ̀ tó wà kò ju owó àti kámẹ́rà lọ, bí a bá fi ojú iṣẹ́ wò ó.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti Èkìtì gan-an: ti ohùn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, fáwẹ̀lì "u" lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà. "Ulé" ni ọmọ ń pè ní ilé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Orúkọ ọdún Ùdírókò ní Adó fi í hàn bákan náà. Bí ọmọ yìí bá dé ibi ìdánwò ipa, wọ́n á ní kó sọ Yorùbá àjùmọ̀lò tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì ìdárayá tó ní nínú àlọ́ á sì bọ́ sílẹ̀. Ó lè dára kí a kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣe é ní ẹ̀ka èdè rẹ̀, kí a tó yí i padà.

Ti aṣọ àti ìbòrí, Ẹpa ni olùkọ́. Ní àwọn ìlú Èkìtì, pàápàá lápá àríwá àti ìlà-oòrùn, ère Ẹpa jẹ́ igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́: ìkòkò olójú méjì nísàlẹ̀ tó ń bo orí, àti jagunjagun orí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ lókè. Ó wúwo gidi. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá gbé e gbọ́dọ̀ fò gun orí òkìtì ilẹ̀ kó má sì ṣubú, nítorí ibẹ̀ ni ìlú ti ń mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́mọdé. Ojú rẹ̀ kò hàn. Ẹsẹ̀, ọrùn àti èémí ló fi ń bá èrò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti rí Ẹpa rí kò ní bèèrè bí Mumy ṣe sọ Lennier di ènìyàn lábẹ́ eegun orí àtọwọ́dá, tàbí bí Bob May ṣe fún àpò irin ní ìwà.

Rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò tún jìnnà sí Èkìtì tó bí a ṣe rò. Ìrè-Èkìtì ni ìtàn sọ pé Ògún wọlẹ̀ sí, níbi tó ti bá agbè ẹmu òfìfo àti àwọn èèyàn tí kò fọhùn, tó bínú tó sì yọ idà. Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Òrìṣà irin ni, awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ ń bọ ọ́. Irin tó ń bínú, irin tó ń dáàbò bo ọmọ: òǹkọ̀wé àròsọ sáyẹ́ǹsì tó bá wá láti ìhà ibí ní ohun èlò nílẹ̀.

Ìwájú

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, Disney+ gbé Ìwájú jáde, kàtúùnù apá 6 tí ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, tí Olúfikáyọ̀ Adéọlá darí. Èkó ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà ti wáyé. Tọlá jẹ́ ọmọ olówó láti erékùṣù. Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti òdìkejì omi, fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Simisola Gbadamosi ló yá Tọlá ní ohùn, Siji Soetan sì ni Kọ́lé. Ọ̀rẹ́ tí bàbá Tọlá fún un ni Ọtin, alángbá tó jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì, irú alángbá tó ń mi orí lórí ògiri gbogbo ilé láti Adó dé Òmùò. Nínú iṣẹ́ ìyáhùn, kò tilẹ̀ sí Bob May nínú ẹ̀wù irin. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìwé eré ló wà níwájú ọmọ náà. Ní ti alángbá náà, inú ọkàn rẹ̀ ló ti ní láti rí i.